Díẹ̀ Tó Kù Kí Ọdún Tó Dé

Bàbá wa ni wọ́n dájọ́ fún wa. Wọn kò bá wa sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, wọn kò sì bi wá bóyá yóò ṣeé ṣe. Ìrun Jímọ̀ ti parí ní mọ́sálááṣí àdúgbò wa n'Ígbò-Ọrà, kálukú ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ni Bàbá bá gbóhùn sókè pé géèmù tí àwọn ìbejì òun ń ṣe ti fẹ́ parí, pé lọ́jọ́ ìtunu ààwẹ̀, kí gbogbo èèyàn yà sílé òun wá gbá a. Ìkejì mi wà níbẹ̀. Ó sáré wálé, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá ti kéde wa," ó ní. "Odindi mọ́sálááṣí ló gbọ́."

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe, àfìgbà tí Bàbá wọlé tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mú ẹ̀bùn bọ̀.

"Bàbá, ta ló sọ fún yín pé ó ti fẹ́ parí?"

"Ẹ̀yin náà ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá bi yín, kí lẹ máa ń wí? Ẹ ní ó kù díẹ̀. Láti ìgbà ọyẹ́ lẹ ti ń wí pé ó kù díẹ̀. Ṣé díẹ̀ kì í tán ni?"

Òótọ́ ni pé a máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń ti ọkàn wa wá nígbàkigbà tí a bá sọ ọ́.

Àwa mẹ́ta la ń ṣe géèmù yẹn. Ìkejì mi, ọkùnrin ni, òun ló ń yàwòrán. Kó tó bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà, sáìnì bọ́ọ̀dù ló ń kùn fún àwọn onídìrí àti àwọn fọkanáísà, láti Ìgbò-Ọrà títí dé Ayétẹ̀. Èmi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní pólì tó wà l'Érúwà, èmi ni mo sì ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tó ń sọ fún àwòrán pé kó rìn, kó dúró, tàbí kó ṣubú nígbà tí èèyàn bá fọwọ́ kan fóònù. Ẹni kẹta wa ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jókòó ní kíláàsì kan náà. Ọmọ Èrúwà ni, tíṣà ni bàbá rẹ̀, tíṣà ni ìyá rẹ̀, ọjọ́ Àìkú kan kì í sì í kọjá tí wọn kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ìró. Ibi tí ẹlòmíì bá ti ń ya fọ́tò, òun á gbé fóònù sókè kó lè ká bí ilẹ̀kùn ṣe ń dún tàbí bí ẹ̀rọ ìlọta ṣe ń ké. Yàrá iwájú tí Bàbá ń kó àgbàdo sí tẹ́lẹ̀ ni ọ́fíìsì wa. Sólà kan wà lórí òrùlé tó ń fún wa níná. Kòkòrò àgbàdo kan á sì máa yọ lára ògiri lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á rìn kọjá lójú kọ̀ǹpútà mi bí ẹni pé òun náà wà nínú géèmù.

Orúkọ tí a sọ géèmù náà ni Má Jẹ́ Kó Dà. Ọlọ́kadà kan ló gbẹ́rù láti Ayétẹ̀, ó ń lọ sọ́jà Lánlátẹ̀. Ẹni tó ń gbá a á máa yí fóònù sọ́tùn-ún àti sósì kí ẹrù má baà ṣubú. Bó ṣe ń lọ ni ẹrù ń pọ̀ sí i. Iṣu ni yóò kọ́kọ́ gbé, lẹ́yìn náà apẹ̀rẹ̀ tòmátì, lẹ́yìn náà àkùkọ, títí ewúrẹ́ kan á fi wá jókòó lé gbogbo rẹ̀ lórí bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Ewúrẹ́ yẹn ló yẹ kó ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ìkejì mi ní òun á yà á láàárọ̀, òun á sì parí rẹ̀ lálẹ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti ya ara rẹ̀, ìwo rẹ̀ àti irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni kò lọ. Bó bá ti ní kó rìn, á máa rìn bí àga tó ń wá ibi tí yóò jókòó. Ni ìkejì mi bá lọ dùbúlẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó fi àyà lélẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ àwọn ewúrẹ́ ará ilé kejì wa. Màmá tó ni ewúrẹ́ jáde, wọ́n dúró lé e lórí.

"Ṣé o fẹ́ rà á ni, àbí o fẹ́ gbé e?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò, mà."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan lo fẹ́ gbé?"

Ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ kí ewúrẹ́ yẹn tó rìn bí ewúrẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí ó rìn tán, ṣe la pàtẹ́wọ́, tí a sì sọ fún Bàbá pé ó kù díẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mò ń wí yìí, ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo pe ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù, mo rò fún un, ẹ̀rín ló bú sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó wọkọ̀ láti Èrúwà, ó dé pẹ̀lú báàgì aṣọ àti búrẹ́dì méjì.

"Bàbá ṣe dáadáa," ó ní. "Bí ẹnì kan kò bá dájọ́ fún wa, a ó máa ṣe géèmù yìí títí a ó fi hu ewú. Ó dáa, díẹ̀ tí ẹ ní ó kù yẹn, ọjọ́ mélòó ni?"

Mo wo ìkejì mi. Ìkejì mi wo òrùlé.

"Ìgbà wo gan-an tiẹ̀ ni ọdún?" ó tún bi wá.

"Ó di ìgbà tí wọ́n bá rí oṣù," ni mo dá a lóhùn. "Ààwẹ̀ lè jẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó sì lè jẹ́ ọgbọ̀n."

Ó gbọ́wọ́ lérí. "Èyí tí wọ́n tiẹ̀ dá fún wa, a kò mọ ọjọ́ tó bọ́ sí! Ó dáa, èyí tó kúrú la ó lò."

Ó wá ní kí a jókòó yípo lórí ẹní. Ó ti kọ́ ọ̀nà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe géèmù nílẹ̀ òkèèrè, bí èèyàn púpọ̀ ṣe lè jọ fojú díwọ̀n iṣẹ́ kan. Káàdì làwọn yẹn ń lò. Ìka ni tiwa.

"Ẹ di ọwọ́ sẹ́yìn. Màá dárúkọ iṣẹ́ kan. Kí kálukú ro iye ọjọ́ tí yóò gbà, kó má sọ ọ́ síta. Bí mo bá ti ní 'ó yá', ká na ìka síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìka kan, ọjọ́ kan. Iṣẹ́ tí ìka mẹ́wàá kò bá ká, a ó gé e sí wẹ́wẹ́."

"Kí ló dé tí a ò kàn lè fẹnu sọ ọ́?" ìkejì mi bi í.

"Torí pé ohun tí ọ̀kan nínú yín bá kọ́kọ́ sọ lèkejì máa sọ. Mo ti mọ̀ yín."

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun kékeré, bọ́tìnì tí wọ́n máa tẹ̀ kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀. Ó yá! Ìka wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Ọjà Lánlátẹ̀, níbi tí ọlọ́kadà máa já ẹrù sí. Ó yá! Ìyẹn náà kò jìnnà síra. Mo ti ń rò pé eré ọmọdé lásán ni, kó tó wá dárúkọ òjò tí yóò rọ̀ lu ọlọ́kadà lọ́nà.

"Ó yá!"

Èmi na ìka kan. Ọ̀rẹ́ mi na márùn-ún. Ìkejì mi na mẹ́jọ. A wo ọwọ́ ara wa, a bú sẹ́rìn-ín.

"Ọjọ́ kan?" ìkejì mi pariwo. "Irú òjò wo nìyẹn?"

"Kí ló wà nínú òjò? Ìlà funfun tó ń já bọ́ látòkè ni."

"Ilẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ kò ní tutù? Ẹrẹ̀ kò ní ta sára ẹrù? Ọlọ́kadà kò ní wọ ọ̀rá? Mo tiẹ̀ ti ya agbòjò fún ewúrẹ́."

"O ya agbòjò fún ewúrẹ́?"

"Ṣé kó máa tutù ni?"

Ọ̀rẹ́ mi ní tòun kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òjò ṣe ń dún lórí páànù yàtọ̀ sí bó ṣe ń dún lórí ewé ẹ̀gẹ́, òun sì fẹ́ ká méjèèjì sílẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ kò sì tíì rọ̀. Òun á kọ́kọ́ dúró dè é ná.

Ẹnu yà mí. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí a ti jọ ń dárúkọ òjò nínú yàrá yẹn, tí a jọ ń mi orí. Òjò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì wà lọ́kàn wa. Bí kì í bá ṣe ìka wa, a kò ní mọ̀ títí a ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bínú síra wa.

A lo gbogbo ọ̀sán Sátidé yẹn lórí ẹní. Mo gbádùn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Gbogbo ìgbà tí ìka bá jìnnà síra, ẹni tó na díẹ̀ àti ẹni tó na púpọ̀ á ro tẹnu wọn, a ó sì rí nǹkan kan tí ẹnì kan mọ̀ tí àwọn yòókù kò mọ̀. Lẹ́yìn náà a ó tún ìka nà. Bó ṣe di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó pọ̀ ju ààwẹ̀ lọ dáadáa.

A bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. A gbé òjò tì di ẹ̀yìn ọdún. A yọ èrò tó yẹ kó jókòó lẹ́yìn ọlọ́kadà. A yọ afárá. Ìkejì mi gbà láti fi afárá sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí agbòjò, ojú rẹ̀ fà ro. Ó tẹ àwòrán náà sórí pépà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ibi tó ń jókòó sí.

Èyí tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni ọjọ́ kan tí ọ̀rẹ́ mi fi sílẹ̀ láìfi iṣẹ́ kankan sí i.

"Kí la máa ṣe lọ́jọ́ yẹn?" mo bi í.

"A kò tíì mọ̀."

"Tí a kò bá mọ̀, kí ló dé tí a fi ń fi ọjọ́ ṣòfò? Fi òjò síbẹ̀. Mo ní ọjọ́ kan ló máa gbà."

"Ìwọ àti òjò ẹ!" Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní nǹkan kan ń bọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ronú kàn, ibẹ̀ ni òun á gbé e sí.

Bí ààwẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn sààrì, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a ti wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ọ̀rẹ́ mi ń sun ọ̀dọ̀ wa ní àárín ọ̀sẹ̀. Lójú ọ̀sán, kì í fẹ́ jẹun níwájú wa, á mú búrẹ́dì rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé. Bàbá bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó ń jẹun láàárín àwọn ewúrẹ́.

"Ọmọ mi, ta ló lé ọ síta?"

"N kò fẹ́ kó wọ àwọn ìbejì lójú ni, Bàbá."

"Jẹ́ kó wọ̀ wọ́n lójú. Ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà." Wọ́n fa àga wọlé fún un fúnra wọn. Nígbà ìṣínu, òun ló máa ń kọ́kọ́ jókòó ti àwo àkàrà.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó fi ìka tí a nà wé bí iṣẹ́ ṣe lọ gan-an. Ibẹ̀ la ti mọ ara wa. Ìka mi máa ń kéré jù. Ti ìkejì mi máa ń pọ̀ jù, àfi lórí ohun tó bá ní ẹsẹ̀. Wọ́n wá sọ ọ́ di òfin pé ohun tí mo bá nà, kí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. N kò bínú. Ó dùn mọ́ mi nínú, torí pé láti ìgbà yẹn ni mo ti ń sùn láìronú.

Ìyá wa ni wọ́n rí ohun tí a kò ronú kàn. Láfún ni wọ́n ń tà ní ọjà Lánlátẹ̀, fóònù wọn kéré, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ààwẹ̀ kù díẹ̀ kó parí, a fi géèmù sí i pé kí wọ́n gbá a wò. Ojú fóònù ṣú dùdù. A tàn án, a pa á, ó ṣú síbẹ̀. Orí fóònù wa, tó lágbára, la ti ń gbá a látọjọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ irú fóònù Ìyá ló wà lọ́wọ́ ìdajì àwọn tí Bàbá pè.

Àwòrán ìkejì mi ló tóbi jù. Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi fi sílẹ̀ la fi dín wọn kù, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí fóònù Ìyá fi lè gbé e. N kò jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀ bí ìyàwó tó ń kí ìyá ọkọ, mo ní, "Ẹ ṣeun fún ọjọ́ kan." Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀.

Àṣìṣe kan ṣoṣo ló wá ṣẹ́kù, kò sì sí ọjọ́ fún un mọ́. Bí ẹrù bá dà, iṣu á ṣubú, tòmátì á ṣubú, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ á gbéra, á máa lọ sókè sókè títí yóò fi wọ inú sánmà, kò ní padà wálẹ̀ mọ́. Ìyá rí i lórí fóònù wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú wọn. Àwa kò rẹ́rìn-ín, a ti rò ó pé báyìí la ó ṣe gbé e jáde níwájú gbogbo èèyàn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, a ṣínu tán, gbogbo ará ilé jáde síta láti wo ojú sánmà. Kùrukùru bo gbogbo rẹ̀. Bàbá gbé rédíò sétí. Àwọn aládùúgbò wà lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin kan ti gbé ìrẹsì sínú omi. Nígbà tó ṣe, rédíò sọ̀rọ̀: wọn kò rí oṣù níbì kankan, ààwẹ̀ ku ọ̀kan.

Gbogbo àdúgbò mí kanlẹ̀. Àwa mẹ́ta fò sókè, a dì mọ́ra, a ń jó lójúde. Bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Bàbá dúró, wọ́n ń wò wá.

"Ẹ wo àwọn ọmọ yìí! Ààwẹ̀ tó ti sú gbogbo ayé, ó ń dùn mọ́ wọn. Ọlọ́hun á gbà á lọ́wọ́ yín."

"Àmín," ni Bàbá wí, ojú wọn dúró gbọn-in. Àmín ti ọ̀rẹ́ mi ló ròkè jù lọ. Ìyẹn kò sì gba ààwẹ̀ kan ṣoṣo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo jókòó sídìí ewúrẹ́. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó ti ń ṣubú lulẹ̀ bí ẹrù yòókù. Mo fi sí fóònù Ìyá tayọ̀tayọ̀. Wọ́n gbá a, ẹrù dà, wọ́n tẹjú mọ́ fóònù.

"Ewúrẹ́ mi dà?"

"Òun ló ṣubú yẹn, Ìyá."

"Èyí tó ń fò ni mò ń wí. Mo ti sọ fún gbogbo ọjà Lánlátẹ̀ pé ewúrẹ́ kan ń fò nínú fóònù mi."

"Àṣìṣe ni, Ìyá. A ti tún un ṣe."

"Àṣìṣe tó dùn báyìí? Ẹ dá a padà."

Mo wo àwọn yòókù. Ìkejì mi ti dìde, ó ti ń já agbòjò kúrò lára ògiri. A jókòó síra wa, a ń sọ̀rọ̀ lé ara wa lórí. Kí omi ẹ̀kọ ìṣínu tó hó, ewúrẹ́ ń gbéra, ó ń lọ sókè, ó dé inú sánmà, ó ṣí agbòjò, ó sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀. Ọ̀rẹ́ mi sáré lọ sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú fóònù. Ìgbà tó padà, ó ti ká igbe ewúrẹ́ kan tó gùn gan-an, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń tán lọ. Bí ó ṣe wọlé sínú géèmù nìyẹn.

Lọ́jọ́ ọdún, a ti yídì dé, àgbàlá wa kún. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá ti Ìbàdàn dé. Ọ̀rẹ́ mi kó bàbá àti ìyá rẹ̀ wá láti Èrúwà, wọ́n gbé kúlà ẹlẹ́rìndòdò kan dání. Bàbá wa ni wọ́n ń to àwọn èèyàn, wọ́n wọ agbádá funfun, wọ́n ń sọ fún àwọn àgbàlagbà pé kí wọ́n má ju fóònù nù bí ẹrù bá dà. Ọ̀rẹ́ wọn tó ṣàdúrà fún wa ni wọ́n kọ́kọ́ gbá a. Wọn kò tíì jáde ní Ayétẹ̀ tí gbogbo iṣu fi wà nílẹ̀. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn tún un gbá. Nígbà tí wọ́n rí ewúrẹ́ nínú sánmà, wọ́n pe ìyàwó wọn, ìyàwó wọn pe orogún rẹ̀, kò sì pẹ́ tí a kò fi rí fóònù yẹn mọ́ nítorí orí tó bò ó.

Bàbá ọ̀rẹ́ mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá jẹ́jẹ́ kan ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Igbe ewúrẹ́ yẹn, ọmọ mi ló ká a?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àti ìró ọkadà? Àti ariwo ọjà?"

"Gbogbo rẹ̀, sà."

Wọ́n mi orí, wọ́n sì padà lọ sídìí fóònù. Wọn kò gbá a. Wọ́n kàn tẹ́tí sí i, wọ́n dijú, ìyá ọ̀rẹ́ mi di ọwọ́ wọn mú. Mo wá ọ̀rẹ́ mi kiri kí n lè fi hàn án. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá a, ó ń bá Ìyá bu ìrẹsì sínú àwo, ọ̀bẹ̀ ti ta sí i láṣọ. Mo fà á lọ́wọ́ dé igun ilé, mo ní kó yọjú. Ó yọjú, ó rí àwọn òbí rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó gba ìgbakọ, ó tún padà sídìí ìkòkò.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ìkejì mi ti sùn lórí ẹní, àwo ìrẹsì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fóònù mẹ́ta ti kú. Mò ń gbọ́ ohùn Bàbá láti yàrá iwájú, wọ́n ń wá ṣájà láàárín wáyà wa, wọ́n sì ń pariwo sí àwọn èèyàn tó wà lágbàlá pé kí ẹnikẹ́ni má tíì lọ sílé.